Ilẹ̀kùn Tó Wà Lẹ́yìn

Ọjọ́rú. Kí n tó wọ kíláàsì láàárọ̀ yìí, mo yà síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé eré ìdárayá àti ìlera tuntun fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n da kọnkéré ilẹ̀ pápá inú ilé. Mo rò pé ó ti gbẹ tán, àfi bí mo ṣe bá bàbá bírikìlà kan tó tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e lórí, tó ń bu omi wọ́n ọn bí ẹni ń rin ewébẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó gbẹ ni?”

“Ọmọ mi, omi tó ń mu yìí ló fi ń le. Tó bá yára gbẹ, á sán.”

Ó ní ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó gbà pé agbára rẹ̀ ti tó.

Pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ, mítà 28 ní gígùn, 15 ní ìbú. Inú èmi náà dùn sí i. Ara tó ń jókòó ti ìwé láti àárọ̀ dalẹ́ nílò ibi tí yóò ti nà. Ṣùgbọ́n yàrá tí ọkàn mi wà kò ní bọ́ọ̀lù nínú.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán ilé náà síwájú àwa aṣojú akẹ́kọ̀ọ́, mo fi ìka tọ ọ̀nà láti ẹnu géètì dé yàrá olùgbaninímọ̀ràn. Àárín àwọn tó ń fi irin gbígbé ṣe eré ìdárayá ni wọ́n ní kéèyàn gbà kọjá! Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá, oorun dá a lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bá tẹ̀lé e lọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó tó rí ọmọ kíláàsì wa méjì lórí àga níta. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí iná jó. Ó ní, “Jẹ́ ká máa lọ, ó ti lọ lára mi.” Kò lọ. Ó padà sílé ní sáà yẹn láìṣe ìdánwò.

Mo sọ ọ́ nípàdé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Ayàwòrán ilé mú pẹ́ńsù, ó pa ilẹ̀kùn yẹn rẹ́, ó ya òmíràn sẹ́yìn, ó sì mú kí ògiri tó wà láàárín yàrá náà àti pápá nípọn sí i. Owó ló wá di ọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fi ìdajì mítà ga ju ilẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 6. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni wọ́n gé kù kí owó lè tó. Inú àwọn eléré ìdárayá kò dùn, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀, ìlera ni a kọ sára pátákó ilé náà. Láti 1948 tí òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ṣiṣẹ́ ló ti sọ pé ìlera kọjá àìsí àrùn, pé ọkàn èèyàn náà wà níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo tún padà lọ, mo gba ẹ̀yìn. Ògiri ti ga ju orí mi lọ, àyè ilẹ̀kùn ti hàn. Mo dúró sínú rẹ̀. Mò ń gbọ́ bàbá yẹn tó ń da omi, ṣùgbọ́n mi ò rí i, òun náà ò sì lè rí mi.

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

“Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i?”