Irin méje ti lẹ̀ di ẹyọ kan
Irin ọ̀bẹ mi ti lẹ̀ mọ́ra! Abala méje ni mo tò léra: mẹ́rin láti ara fáìlì àlòkù, mẹ́ta láti ara ayùn ńlá tí wọ́n fi ń la pákó ní Sọ́ọ̀mìlì, Ìlọrin. Mo ti kọ́kọ́ rẹ àfọ́kù ayùn náà sínú ferric chloride, ìyẹn omi kẹ́míkà tó máa ń jẹ ojú irin, ó ń dán síbẹ̀. Nickel, irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ irin ayùn, ló ń fa ìyẹn. Fáìlì ní tirẹ̀ máa ń dúdú, ibẹ̀ ni ọnà ara ọ̀bẹ ti ń jáde.

Bàbá tó ni àgbẹ̀dẹ fẹ́ kí n lo sípíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù, torí òun ni wọ́n fi ń rọ àdá. Irin gidi ni fún àdá. Àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ní chromium, irin àpòpọ̀ mìíràn tí èépá rẹ̀ máa ń bo ojú irin nínú iná; borax, ìyẹn ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ ojú irin kó lè lẹ̀, kì í sì í tètè ká a. Kò yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ̀ eyín fáìlì dànù kó tó wọná, nítorí ìdọ̀tí máa ń há sáàárín eyín, ibẹ̀ ni irin á ti là. Nígbà tó pupa bí ẹyìn, mo wọ́n borax lé e, ó hó, ó yọ́ bo gbogbo rẹ̀. Ó di nǹkan bíi 1,250°C kó tó ṣeé lẹ̀. Mo ti na ẹ̀mú sí i nígbà tí Bàbá ní, “Ọmọ mi, ìta ló gbóná, inú ò tíì gbóná. Yí i padà, kóo máa fẹ́ná.” A dúró títí ìlà dúdú kankan ò fi sí létí rẹ̀ mọ́.

Òòlù àkọ́kọ́ kì í le rárá. Lílù jẹ́jẹ́ ló ń lé borax jáde, ó sì ń ta jìnnà, nítorí náà ẹ wọ awò àti aṣọ awọ. Bí irin ṣe lẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà: kò dún wọ́ra-wọ́ra mọ́, kì ló ń dún.

Mo nà án, mo ṣẹ́ ẹ po, ó di ipele 14, lẹ́yìn náà 28. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, torí mo fẹ́ ọnà tó hàn ketekete. Nínú iná yẹn, carbon, èròjà tó ń mú irin le, máa ń rìn láti ipele kan bọ́ sí èkejì, nickel kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nípò. Ìdí nìyí tí ọnà kì í fi í parẹ́.

Ó kù kí n rọ ọ́ di ọ̀bẹ. Kó lè le, òróró ẹ̀pà lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni màá tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nígbà tí òòfà ò bá gbé e mọ́, ìyẹn tó bá kọjá 770°C díẹ̀. Igi apá gbígbẹ ni mo ń wá fún èèkù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ọ̀fà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.