Ẹni tó yẹ kí olórin máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Bill Withers

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin lópin ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí wọ́n bá ń ka àwọn àgbà olórin soul (orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú) Amẹ́ríkà, Aretha Franklin, Otis Redding àti Marvin Gaye ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, kò sì burú. Tèmi ni Bill Withers. Iṣẹ́ fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, mo sì ń kọrin nínú bándì kan tó máa ń ṣeré lóde ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Akólòlò sì ni mí. Nínú gbogbo àwọn àgbà yẹn, òun nìkan ló jọ mí.

Slab Fork ni wọ́n bí i sí, ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń wa èédú ní West Virginia, ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, 1938. Ó ń kólòlò láti kékeré, bàbá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ó lo ọdún 9 níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé Los Angeles, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń gbé sínú bàálù. Gìtá olówó pọ́ọ́kú ló fi kọ́ ara rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń tù jọ láti fi wọ sitúdíò. Ọmọ ọdún 32 ni nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1971. Ẹ wo fọ́tò tó wà lára àwo náà: iléeṣẹ́ yẹn ló dúró sí, páànù oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí orin rẹ̀ wá tà dé ibi tí wọ́n ń fi góòlù yẹ́ni sí, àga ìgbọ̀nsẹ̀ aláwọ̀ góòlù ni iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi ta á lọ́rẹ! Àwọn yẹn mọ eré ṣe.

Mi ò fẹ́ wàásù sùúrù fún ẹnikẹ́ni, ó ti sú àwa náà. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ló ń fún ọ lẹ́nu láti sọ pé rárá. Oníṣòwò orin kan wá bá wa nígbà kan, ó ní ká pa orin tiwa tì, ká máa kọ èyí tí gbogbo ènìyàn ń kọ, òun á san owó ìdókòwò sílẹ̀. Ká ní owó òde ni mo fi ń san owó ilé ni, ǹ bá gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fìríìjì àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Mo dúpẹ́, mo sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti ẹni tí olórin ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nínú “Ain't No Sunshine”, orin tó sọ ọ́ di olókìkí, ibì kan wà tí Withers kò ti sọ nǹkan mìíràn ju pé òun mọ̀, òun mọ̀, ìgbà 26 léraléra. Kò tíì parí orin náà ni. Ó fẹ́ padà wá fi ọ̀rọ̀ gidi síbẹ̀. Àwọn tó wà ní sitúdíò ló ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: Booker T. Jones tó ń darí iṣẹ́, Duck Dunn lórí gìtá báàsì, Al Jackson lórí ìlù. Àwọn wọ̀nyí ti bá Otis Redding ṣiṣẹ́, etí wọn ti jiná. Withers rí i pé wọ́n ju òun lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó gbà. Orin yẹn gba Grammy.

Nígbà tó wá dé iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia, ọ̀gá kan tó jókòó sí ọ́fíìsì ní kó lọ tún orin Elvis Presley kọ. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ “Lean on Me”! Ó kọ̀ jálẹ̀. Láti 1978 títí di 1985, kò sí àwo tuntun tirẹ̀. Èyí tó jáde lọ́dún 1985 ni ìkẹyìn, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Kí n tó gba ìmọ̀ràn lórí orin báyìí, ọwọ́ ẹni tó ń gbà mí nímọ̀ràn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá ó ń fi í ta nǹkan tàbí ó ń fi í tà mí. Bàbá tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ti dàgbà, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé orin tí mo ṣe fún ìyá mi wá, ìlà mẹ́rin péré, mo fẹ́ fi kún un.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo tún fẹ́ sọ? O ti sọ ọ́ tán.”

Mo ní, “Ó kúrú jù, sà.”

Kò dá mi lóhùn, ó tún un tẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìlà mẹ́rin yẹn náà là ń kọ títí dòní, àwọn èrò ló sì ń gbè é.

“Lean on Me” alára kò le. Orí dùùrù oníná kékeré kan ló ti ń fi ìka gùn ún lọ, gùn ún bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ kúáyà, ẹ fi sol-fa gbọ́ ọ: d d r m f, f m r d. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí dùùrù lè tẹ̀ ẹ́, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. (Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i o. Orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti wálẹ̀. Mo ti ṣe é rí, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa mí.)

Owó ńkọ́? Lọ́dún 1987, nígbà tí Withers ti ṣíwọ́, ẹgbẹ́ Club Nouveau tún “Lean on Me” kọ, ó tún bọ́ sípò kìíní, Grammy sì tún lọ bá a nílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Marcia ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó iléeṣẹ́ tó di ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ mú. Ní tiwa níbí, kí ẹ tó wọ sitúdíò, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá orin àti ẹni tó bá a ṣe é sínú ìwé, kí oníkálukú fọwọ́ sí i, kí ẹ sì forúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó ẹ̀tọ́ orin wọn ní Nàìjíríà. Bí orin bá ti ń pa owó, ẹni tó kàn pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà á ní òun ló dá a.

Fún ẹ̀yin akólòlò ẹgbẹ́ mi: wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Withers dàgbà kó tó bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Èmi kò tíì bọ́. Bí alága ìjókòó bá ní kí n kí àwọn olóyè, orin ni mo fi ń kí wọn, torí ahọ́n kì í dì nínú orin. Àwọn kan rò pé àṣà tuntun ni, wọ́n tiẹ̀ ń náwó fún un.

Ọdún 2015 ni Stevie Wonder fà á wọ Rock and Roll Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń yẹ́ àwọn àgbà olórin sí ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, 2020, lẹ́ni ọdún 81. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, kó wá èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Carnegie Hall, New York, lóṣù Kẹwàá 1972. Ó ń sọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ níbẹ̀ kí orin tó wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún ìlù James Gadson nìkan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílù yín, pàápàá èyí tí kò mọ̀ pé ìlù lè rọra.