Àlejò, ìrì ni: owó omi, kánáàlì, àti àwa tí a kò ní èbúté

“Baƙo raɓa ne.”

Àlejò, ìrì ni. Bàbá àgbàlagbà kan ló sọ ọ́ sí mi níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ní Kadawa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Kò pariwo, kò na ìka sí mi, ó kàn ń ka tẹ̀súbà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́ igi dóńgóyárò tí a jókòó sí ló dákẹ́. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé ní Kano, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ìrì a sẹ̀ lóru, oòrùn a yọ, ìrì a ti lọ. Ẹni tó máa lọ, kí ló kàn án nínú iye tí onílé ń san?

Ohun tí mo sọ tó fa èsì yẹn kò le. Mo ní kí a fi díẹ̀ kún owó omi tí à ń san lórí éékà kọ̀ọ̀kan, kí a fi kó ẹrẹ̀ inú kánáàlì wa kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí wọ́n sì máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sí gbogbo wa létí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo pè é ní Baba. Mo tilẹ̀ fi àdúrà ṣáájú ọ̀rọ̀ mi, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀.

Mi ò dá a lóhùn, àgbà ni. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Tí àwọn ará ilé bá ní ẹnì kan wà ní òkèèrè, London tàbí Kánádà ni ọkàn wọn ń lọ. Òkèèrè tèmi kò gba físà. Mo kọjá afárá Jẹ́bà, mo dé Òkè Ọya. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ sì mọ̀ wá, àwọn bàbá wa ti ń ná ọjà ìhín kí wọ́n tó bí wa. Nílé wa, Sábó ni àwọn Hausa ń gbé. Níbí, Sabon Gari ni àwa ń gbé. Orúkọ kan náà ni, àlejò inú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tí àárò ilé bá ń sọ wá, a máa ń sọ fún ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́yìn ọjà pé òun ni ọba wa níbí, pé ọjọ́ tí kò bá ro àmàlà ni gbogbo wa máa wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. A ó rẹ́rìn-ín, ìyá náà á rẹ́rìn-ín, kálukú á wá tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan mọ́ títí yóò fi jẹun tán.

Tòmátò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mò ń kó o lọ sí Mile 12. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta, tí àwọn àgbẹ̀ ibí sọ ní Sharon, jẹ oko tòmátò run. Ọdún yẹn ni mo háyà ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrẹsì. Ilẹ̀ tí àlejò sì máa ń rí háyà ni ti ìdí kánáàlì, níbi tí omi ń parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀. Omi tí à ń lò ní Kura àti Kadawa, láti dáàmù Tiga ló ti ń wá, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1974, nígbà tí Audu Bako jẹ́ gómìnà Kano. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Ilẹ̀ ló dà gẹ́rẹ́, omi ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti kánáàlì ńlá bọ́ sí ti àárín, láti ti àárín bọ́ sí kékeré, kí ó tó wọ poro oko. Ẹni òkè ni omi kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni ìdí, ohun tí wọ́n bá mu kù ni tirẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá dí kánáàlì, tí kachalla, koríko gíga tó ń hù nínú omi yẹn, bá bò ó, ẹni òkè lè má mọ̀ rárá. Oko tiwa ni ilẹ̀ rẹ̀ máa ń là. Bẹ́ẹ̀, iye kan náà la jọ ń san lórí éékà, iye náà kò sì tó owó àpò ìrẹsì kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo san tèmi pé, omi kò dé oko mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo bi ẹni tó gba owó léèrè ibi tí owó wọlé sí. Ó ní kí n ní sùúrù. Ìrẹsì ò mọ̀ bí wọ́n ti ń ní sùúrù.

Ẹ̀yin tó gbọ́ Hausa á mọ̀ pé kuɗin ruwa, owó omi, náà ni wọ́n ń pe èlé orí owó yíyá. Nítorí náà, tí akọ̀wé bá dìde pé àkókò kuɗin ruwa ti tó, ẹnì kan á kígbe láti ẹ̀yìn pé haramu ni, gbogbo ìpàdé á bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn gan-an; onílé àti àlejò la jọ ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ gidi á wá jáde: omi Ọlọ́run ni, ta ló tó ta omi Ọlọ́run? Mo gbà. Ọlọ́run ló ni omi. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbẹ́ ilẹ̀, ènìyàn ló da sìmẹ́ǹtì, irin ìlẹ̀kùn omi sì ń dípẹtà.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo pè lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Birmingham ló wà, orí kánáàlì ló sì ń gbé. Nígbà tí owó ilé ju agbára rẹ̀ lọ, ó ra ọkọ̀ ojú omi tóóró kan, inú rẹ̀ ló ń sùn, inú rẹ̀ ló ti ń dáná. Ó ní tí òun bá ń se ewédú, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á tò sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ọmọ ilé ìwé.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tíì sùn?”

Mo rò fún un. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe wá níbí náà.”

Kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn ti lé ní igba ọdún. Èédú àti ọjà ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kó kí ọkọ̀ ojú irin tó gba iṣẹ́ náà. Láti 2012, àjọ aláàánú kan, Canal & River Trust, ló ń tọ́jú nǹkan bíi máìlì 2,000 nínú wọn ní England àti Wales. Ìjọba ń fún un lówó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ń súnkì: wọ́n ti kéde nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ láti 2027, bí gbogbo nǹkan sì ti ń wọ́n sí i, owó náà kò ní lè ra ohun tí ti àtẹ̀yìnwá ń rà. Owó láísẹ́ńsì ọkọ̀ ń lọ sókè. Gígùn àti fífẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Láti 2024, ẹni tí kò ní èbúté tirẹ̀, tó ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, ń san àfikún lórí iye tí ẹlẹ́bùúté ń san. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, òfin 1995 ní kò gbọdọ̀ dúró sójú kan ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Àbúrò mi wà lára wọn.

“Torí pé mi ò ní ibùdó ni mo ṣe ń san jù,” ló wí.

Àbúrò mi kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ apá kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tó ní èbúté ń san owó ńlá lọ́tọ̀ fún èbúté náà, ó sì ń rí àwọn tó ń rìn bí ẹni tó ń lo ojú omi, ẹ̀rọ omi àti ibi ìdalẹ̀nù jù ú lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ̀ gba ààyè, kí ó san jù, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn omi nígbà gbogbo kí ọkọ̀ rẹ̀ lè kọjá, tó sì ń jẹ́ kí ó gbó, kí ó san ju ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn láti oṣù dé oṣù lọ. Ohun tí kò wọ̀ mí létí ni pé kí a dá iye lé ènìyàn nítorí pé kò ní ibi tó so okùn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ nínú kánáàlì tí a kì í rí lórí omi. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí rẹ̀ láràárọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́, onílé tó fi ojú fèrèsé rẹ̀ kọ omi tí ilé rẹ̀ sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gbówó lórí. Kánáàlì Gloucester sí Sharpness wà lára ibi tí wọ́n ti ń fa omi tí ará Bristol ń mu. Ẹni tó ń fa omi mímu máa ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń rìn létí omi, owó orí nìkan ni ọ̀nà tó fi ń san tirẹ̀. Tí ìjọba bá ti fa owó rẹ̀ sẹ́yìn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó dá sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ á wá bọ́ sórí àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ibi tí mo ti rí Kano nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Omi tí ìlú ńlá yìí ń mu, tí wọ́n ń fọ̀ ní Tamburawa àti Challawa, láti inú odò tí àwọn dáàmù bíi Tiga ń fún lómi ló ti ń wá. Ẹni tó jẹ tòmátò Kano ní Èkó jẹ nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, ní Hadejia àti Nguru, kachalla ti dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Wọ́n ń fi ẹja tí wọn kò rí pa mọ́ san owó tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Ta ló wà níbi ìpàdé wa lórúkọ wọn?

Ẹ̀rín parí nígbà tí àbúrò mi dárúkọ Toddbrook. Lóṣù Ògún 2019, ní Whaley Bridge, òjò ńlá ba ọ̀nà ìtúmisílẹ̀ dáàmù kan jẹ́, dáàmù tí wọ́n kọ́ láti máa fún kánáàlì lómi. Wọ́n kó nǹkan bíi 1,500 ènìyàn kúrò nílé, hẹlikọ́pítà ń ju àpò òkúta sí ojú ibi tó ya. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Èmi kò lè gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí n má rántí Maiduguri. Dáàmù Alau ya, omi sì gba ìlú ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2024. Ó kéré tán, 30 ènìyàn kú, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní 400,000; omi gbé ọ̀nì jáde láti ọgbà ẹranko wọ àdúgbò. Oníbàárà mi kan wà níbẹ̀ tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni fóònù rẹ̀ kò fi lọ. Nígbà tó wọlé, ó ní òun gbọ́ ìró kan nínú òkùnkùn, òun rò pé òjò ni.

Tiga ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni oko mi wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin mi sí. Ọmọ náà kò tíì lo oṣù kan gbáko ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ rí. Ó rí ojú mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní, “Dádì, èmi ńkọ́? Ṣé raɓa ni èmi náà?” Mi ò rí èsì fún un.

Owó ti wọ ibí rí. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 495.3 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TRIMING, láti tún irú oko onírìnmi báyìí ṣe nílẹ̀ Hausa àti àyíká rẹ̀, ti odò Kano sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún kánáàlì ṣe, wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn kékeré. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n owó yíyá ni, a ó san án, tí ẹrẹ̀ bá sì tún kún inú kánáàlì, òmíràn la ó lọ yá. Dáàmù àti kánáàlì ńlá, ìjọba ni kí ó gbé e, láti inú owó orí gbogbo wa, torí gbogbo wa ló ń jẹ níbẹ̀. Ti kékeré, kí àwa àgbẹ̀ gbé e, kí iye tí oníkálukú ń san tẹ̀ lé omi tó dé oko rẹ̀, kí wọ́n dín in fún ẹni ìdí lọ́dún tí omi kò bá dé. Kí wọ́n sì ka owó náà síta, kí a rí rìsíìtì. Mo máa san àfikún lọ́la tí mo bá rí i pé ṣọ́bìrì wọ ẹrẹ̀. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí n jẹ́ onílé lọ́jọ́ owó, kí n wá di ìrì lọ́jọ́ ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé a ní gayya, ọ̀wẹ̀ tiwọn nìyẹn, láti gé kachalla. Mo ti ra ṣọ́bìrì mẹ́ta. Akọ̀wé ní láti òkè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀; mo ránṣẹ́ sí i pé kí a jọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Kò tíì fèsì.

Àbúrò mi pè láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹrìnlá rẹ̀ pé lónìí. Mò ń gbọ́ òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé ọkọ̀ náà bó ti ń sọ̀rọ̀, mo bi í bóyá kò lè dúró kí ó dá. Ó ní rárá, òun ti ń tú okùn.