Ọjà Ewé ní Rígà: Àjọ̀dún Jāņi ní Orílẹ̀-èdè Látífíà

Ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù ni mo wọ Rígà, olú-ìlú Látífíà, nítorí ọjà ewé tí wọ́n máa ń ná ní gbàgede Doma laukums, níwájú kàtídírà àtijọ́ ìlú náà, ní ìpalẹ̀mọ́ fún Jāņi, àjọ̀dún ìgbà ooru tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 23 mọ́ 24. Àwọn ìyá àgbà tó wá láti abúlé jókòó ti ìdì ewé wọn bí àwọn eléwé-ọmọ ilé wa. Wọ́n ń ta kalmes, ewé gígùn etí omi tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá kí òórùn rẹ̀ lè gba ilé kan, àti nārbuļi, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí ewé orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Mo dúró wo ọ̀kan nínú wọn bó ṣe ń hun adé: ó to ẹ̀ka igi oak kéékèèké léra, ó fi òwú wé ìdí wọn pinpin, ó sì ń fi ẹ̀ka mìíràn bo ojú ibi tó so, títí ó fi yí po. Irú èyí ni ọkùnrin ń dé. Olódòdó ni ti obìnrin. Ìyá náà fi dé mi lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ fún owó. Ó wúwo ju fìlà lọ.

Ewé wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé agbára wọn máa ń kún jù nígbà tí oòrùn bá ga jù lọ nínú ọdún. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá já ní ọjọ́ 23, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Ewé, wọn a sá a gbẹ, wọn a fi ṣe tíì, wọn a sì fún màlúù jẹ. Ẹ̀ka igi rowan ni wọ́n ń fi há ẹnu ọ̀nà ilé ẹran, kí àjẹ́ má baà fa wàrà lọ lóru.

Ní alẹ́, ní oko kan nítòsí ìlú Sigulda, wọ́n dá iná, wọ́n sì ju adé èṣín sínú rẹ̀. Wọ́n ń dá orin kúkúrú, gbogbo wa sì ń gbe «līgo, līgo», bí wàràkàṣì oníkóró caraway àti ọtí bíà ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá sùn lóru ọjọ́ náà yóò máa tòògbé ní gbogbo ìgbà ooru. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wọ igbó ní méjì-méjì láti wá òdòdó fern, ewéko tí kì í yọ òdòdó rárá. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an, n kò wádìí rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì fi orúkọ Jòhánù Mímọ́ bo ọdún yìí. Ìjọba Sófíẹ́ètì, tó ń ṣàkóso Látífíà nígbà náà, gbógun tì í ní 1959. Lójú tèmi, ó yè nítorí pé kò nílò tẹ́ńpìlì: ewé wà létí ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ já a.

Ìkórè náà ní àṣà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé ọkà, ṣírí méjì tó bá hù lórí pòròpórò kan ṣoṣo ni Jumis, ẹ̀mí ìbísí oko. Wọn kì í jẹ ẹ́. Inú àká ni ó ń wà títí di ìgbà ìfúnrúgbìn, tí wọn yóò dà á pọ̀ mọ́ irúgbìn tuntun. Ẹni tó bá dé mùsíọ́mù ìta gbangba tó wà létí adágún Jugla ní Rígà, kí ó wo ṣóńṣó òrùlé àwọn ilé àgbẹ̀ níbẹ̀: igi méjì tó ré ara wọn kọjá, àmì Jumis kan náà ni.