Ìyá Hank Aaron

Bí ọjà bá ti dá ní ìsọ̀ mi ní Tẹ́júoṣó, fídíò bẹ́sìbọ́ọ̀lù àtijọ́ ni mo máa ń wò lórí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Atlanta ló fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974 ni, ní Atlanta náà. Babe Ruth, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun, gbá home run (kí èèyàn fi igi gbá bọ́ọ̀lù kó fò kọjá ọgbà pápá) 714 nígbà ayé rẹ̀, Hank Aaron, aláwọ̀ dúdú láti Mobile ní Alabama, sì ti bá a dọ́gba. Lẹ́tà èébú ń rọ́ dé bá a, àwọn kan ní àwọn máa pa á. Nítorí kí ni? Nítorí pé aláwọ̀ dúdú fẹ́ kọjá Ruth! Inú mi máa ń ru bí mo bá rántí.

Al Downing, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì, ju bọ́ọ̀lù, Aaron fi igi gbá a, ó fò kọjá ọgbà. Ó di 715.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń dá padà wò. Ìyá rẹ̀, Estella, bọ́ sórí pápá, ó dì mọ́ ọn pinpin, kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Èmi tí mo bímọ mẹ́rin mọ irú ìdìmọ́ yẹn: ìyá ń fi ara rẹ̀ bo ọmọ ni.

Jackie Robinson ló ṣílẹ̀kùn líìgì ńlá fún àwọn aláwọ̀ dúdú bíi Aaron ní 1947, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers. Láti 1997, gbogbo ẹgbẹ́ líìgì ńlá náà ti fi nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀, 42, pamọ́ ní ìrántí rẹ̀, wọn kì í fún agbábọ́ọ̀lù tuntun mọ́.

Aaron kò dúró ní 715 o. 755 ló gbá kó tó fẹ̀yìn tì ní 1976.