Tìmì Ò Tíì Sùn: Ohun Tí Àwo Eré Kọ́ Mi

Bàbá kan láti Ọ̀fà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, nípa bí a ṣe ń gbọ́ àwo eré, ìyẹn àwo tí wọ́n gba orin eré ìtàgé sí, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ́ mi.

Nígbà yẹn mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, ní Ìlọrin níbí, níbi tí a ti ń da orin sí mẹ́mórì fún èèyàn. Kọ̀ǹpútà méjì, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó, àga onírọ́bà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ Ọdọláyé Àrẹ̀mú, a dà á fún un. Ẹni tó bá fẹ́ wáàsí, a dà á fún un. (Tí ẹ bá ní iṣẹ́ olè ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Kò sí olórin kan tó rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́.)

Bàbá yìí gbé àwo dúdú kan wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ọba Kò So ni, eré ìtàgé olórin tí Dúró Ládípọ̀ ṣe nípa Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ra fóònù fún òun, òun sì fẹ́ máa gbọ́ ọ lórí rẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àwo lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà Taiwo, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo lù ú wọlé.

Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo rí i pé kì í ṣe orin nìkan ló wà níbẹ̀. Oríkì wà níbẹ̀, ọfọ̀ wà níbẹ̀, ibì kan sì wà tó jẹ́ pé ìlù bàtá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ ju ibi tí orin ti ń ta lọ, mo ní kí n bá bàbá dín ẹrù kù. Mo gé ọfọ̀ dànù. Mo gé bàtá kúrú. Mo fi àwọn ibi tí ẹnu lè bá kọ sílẹ̀. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá padà dé. Ó jókòó, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó wò mí títí.

“Ọmọ yìí, Tìmì ò tíì sùn. Báwo ni Gbọ́nkáà ṣe rí i gbé?”

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Bí mo ṣe ń tọrọ àforíjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àwọn oníbàárà sì dúró ń gbọ́. Ṣàngó rán Tìmì, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun rẹ̀, lọ sí Ẹdẹ. Tìmì di alágbára níbẹ̀. Ọkàn ọba ò balẹ̀ mọ́, ló bá rán Gbọ́nkáà, jagunjagun rẹ̀ mìíràn, pé kó lọ mú un wá. Kì í ṣe ipá ni Gbọ́nkáà fi mú Tìmì, ẹnu ló fi mú un. Ó pe ọfọ̀ títí oorun fi gbé ọkùnrin náà lọ. Ọfọ̀ tí mo pa rẹ́ yẹn ni ogun gan-an. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tèmi, Tìmì ń fọ́nnu nínú orin kan, nínú èyí tó tẹ̀ lé e ó ti di ẹrù l'Ọ́yọ̀ọ́, kò sí ẹni tó mọ bó ṣe débẹ̀.

Bàbá gba owó rẹ̀, ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ.

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mélòó kan kó tó yé mi. Ẹni tó jẹ́ kó yé mi ni àbúrò ìyàwó mi, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Tankẹ nígbà tó wọ Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ̀ka eré ìtàgé ló wà. Eré olórin ni tirẹ̀: eré tí wọ́n ń fi orin sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Broadway ní New York. Kò wo ọ̀kankan nínú wọn rí lójúkojú. Ta ni yóò fún un ní físà? Àwo wọn ló ń gbọ́, àwo tí àwọn òṣèré eré náà fúnra wọn kọrin sí. Ọmọbìnrin yìí lè sọ fún ẹ ibi tí oníṣẹ́ ti wọlé, ibi tí ọkọ ti bínú, ibi tí iná ti kú lórí ìtàgé, kó má sì tíì kúrò ní ilé ìdáná mi.

Lọ́jọ́ kan ó fi Hamilton lé mi lọ́wọ́, eré olórin nípa Alexander Hamilton, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, èyí tí Lin-Manuel Miranda kọ, tí àwo rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Orin 46. Mo gbé e sórí fóònù, mo ki íapíìsì bọ etí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọjà-Ọba. Fóònù mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ń da orin rú, kì í tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò ó. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó kú. Orin méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jó. Orin kan sí i, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè orúkọ rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni ohùn bàbá Ọ̀fà ti bọ́ sí mi létí: Tìmì ò tíì sùn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ àwo eré nìyí: ẹ kọ́kọ́ wá bọ́tìnnì tí ń da orin rú (shuffle) lórí fóònù yín, kí ẹ pa á. Àwo fújì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín. Àwo eré ní ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe gbọ́ Hamilton láti orin àkọ́kọ́, mo rí i pé oríkì ni wọ́n fi ṣí i. Gbogbo wọn tò jáde, wọ́n ń ki ọkùnrin kan: ibi tí wọ́n bí i sí, bí ìyá rẹ̀ ṣe kú, bó ṣe ràjò. Ẹnì kan nínú wọn wá sọ pé òun lòun yìnbọn pa á. Ọmọ Yorùbá wo ni irú ìyẹn máa ṣàjèjì sí? A ti máa ń gbọ́ ikú ọ̀gá nínú oríkì ọ̀gá. Ẹni tó bá wọlé láti ojú fèrèsé, kò ní gbọ́ ìyẹn.

Ìkejì, àwo kì í ṣe eré náà tán. Èyí pẹ́ kó tó wọ̀ mí lórí, torí mo rò pé bí orin bá ti pé, eré pé. Ìran kékeré kan wà nínú Hamilton, ibi tí ìròyìn ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti dé, tí wọn ò fi sínú àwo. Miranda mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó bá wá sí gbọ̀ngàn ni. Láyé àtijọ́, kì í tiẹ̀ ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí wọ́n gba orin Oklahoma!, eré olórin Broadway kan, sílẹ̀ lọ́dún 1943, àwo tí ojú rẹ̀ kan kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò, ohun tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gé e. Ọdún 1948 ni àwo gbọọrọ jáde, tí ojú kan rẹ̀ lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìgbà náà ni ọwọ́ wọn tó tú. Mo rántí ọ̀bẹ tèmi ní Challenge nígbà tí mo kà á. Àwọn yẹn ní àwíjàre.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí n máa gbọ́ àwọn àwo yìí pẹ̀lú àánú. Ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣèré ni wọ́n sábà máa ń gbà á sílẹ̀, tí wọ́n á sì fẹ́ parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Eré olórin My Fair Lady bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 15 oṣù Kẹta ọdún 1956. Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù náà, ni wọ́n kó wọn jọ láti kọ ọ́ sínú àwo. Ẹni tó ti kọrin láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje ẹ tún ní kó wá. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn tó há díẹ̀, ẹ má yára bú u.

Bí a ṣe di ẹgbẹ́ tó ń jọ gbọ́ àwo eré kò gba àlàyé púpọ̀. Àbúrò mú ọ̀rẹ́ wá, ọ̀rẹ́ mú olùkọ́ kan wá láti Sábó-Òkè, Alhaji kan tó ń ta táyà ní Geri-Àlìmí gbọ́ wa láti ìta ó sì wọlé. A ò ju méje lọ. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú, tí iná bá wà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ohun tó fẹ́ràn han ẹlòmíràn, torí mo kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni ń da omi sí ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró. Mo fi orin 46 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òmù-Àrán lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà rẹ̀ tán. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó pè mí ní òru láti béèrè bóyá orí mi pé.

Orin kan ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ sì sọ ìtàn tó ṣáájú rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ló ń kọrin, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i kó tó la ẹnu, ta ló ń kọ ọ́ fún. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má sọ bó ṣe parí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà, nígbà tí mo fi ẹyọ kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, òun ló pè padà pé, “Kí ni obìnrin náà wá ṣe?” Bí wọ́n bá ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín, ẹ ti borí.

Ẹ sì wo ibi tí ẹni náà ti wá. Alhaji onítáyà ò rí ti New York rò rárá, ó ní ariwo ni. Ọmọ Ọ̀fà ni, àwọn ará Ọ̀fà sì gbà pé ọmọ àwọn ni Mọremí. Àbúrò bá kàn sọ fún un pé Dúró Ládípọ̀ ti fi Mọremí ṣeré láyé àtijọ́, pé wọ́n tún ti fi í ṣe eré olórin ní Èkó lọ́dún 2018. Ha! Kò síbi tí a fẹ́ gbà. Láti ọjọ́ náà, Alhaji ló ń kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ń fa ìjà jù láàárín wa ni àwo méjì tí òṣèré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ lórí eré kan náà. The Color Purple ni àpẹẹrẹ tèmi. LaChanze ló kọ́kọ́ ṣe Celie, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, ní Broadway lọ́dún 2005. Lọ́dún 2015 wọ́n gbé e padà, Cynthia Erivo ló ṣe é, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí London. Àwọn méjèèjì ló gba àmì-ẹ̀yẹ Tony, èyí tí wọ́n fi ń yẹ àwọn eléré Broadway sí, lórí ipa kan náà. Ẹ gbọ́ orin tí Celie kọ nígbà tó mọ̀ pé òun náà jẹ́ èèyàn, ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ìkejì, lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí orin kan lè gbà, ẹ ò ní tún béèrè mọ́. Olùkọ́ wa ní LaChanze ló ń sunkún bí ìyá. Àbúrò ní Erivo ni. Èmi ò sọ tèmi, torí mo fẹ́ jẹun lálẹ́.

Fún ẹ̀yin tí àwo dúdú ṣì wà nílé bàbá yín, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí: ooru Ìlọrin kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwo. Mo fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní oṣù Kẹta, ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i tó ti ká bí ewé ẹ̀kọ. Ẹ gbé wọn dúró lóòró bí ìwé, ẹ má to ẹyọ lé ẹyọ. Etí àwo ni kí ẹ fọwọ́ mú. Kí ẹ sì ya fọ́tò èèpo rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó kọrin wà. Mo ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin fún èèyàn pẹ̀lú orúkọ “Track 3”, ojú ń tì mí.

Ó wá kù mí ku bàbá.

Mo wá a lọ sí Ọ̀fà, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ti lé lọ́dún méje tí a ti ríra. Ó mọ̀ mí. Ó ní àwo òun ò ní kúrò nílé òun mọ́ láéláé, ìlú Ìlọrin ti jẹ ẹ́ níyà tó. Àwo Ògúndé náà wà nílẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún mi bí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ lánàá: ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé torí eré Yorùbá Ronú. Lábẹ́ Àríwá ni Ọ̀fà wà nígbà yẹn, òfin yẹn ò kan wọ́n. “Àwa ń lu àwo rẹ̀ níbí,” ni bàbá wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó jí ẹran.

Mo gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, mo tẹ ẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá fi Ọba Kò So sí i. Mi ò gé ohunkóhun. Mo gba ojú àkọ́kọ́, a yí i, mo gba ìkejì. Kò mọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù: ẹ ó gbọ́ àkùkọ, ẹ ó gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá. Nígbà tó bá kan Gbọ́nkáà, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ fún Tìmì, ẹ ó gbọ́ ohùn arúgbó kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, tó ń bá a pè é, tí kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, títí Tìmì fi sùn.