Ẹ má fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì: ohun tójú mi rí lóde ìsìnkú l'Ókè-Fìà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò àwòrán fún òde ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to àwòrán pọ̀ di fídíò, àti fáìlì ọ̀rọ̀ lásán lẹ fi ń ṣe tiyín bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ mìíràn. Inú mi ò tíì rọ̀ tí mo fi ń kọ ọ́. Níbi tí ìbínú bá ti yọ jáde, ẹ fò ó kọjá.

Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. A ó kó àwòrán sínú fódà kan, a ó ṣí Notepad tàbí èyí tó jọ ọ́, a ó wá máa kọ orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àáyá tá a fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò lójú screen:

file '001.jpg'
duration 5
file '002.jpg'
duration 5

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. ffmpeg á ka àkójọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì sọ ọ́ di fídíò. Laptop tó ti gbó pàápàá á ṣe é. Bí ẹbí bá ní kí àwòrán Màmá ṣáájú ti Pásítọ̀, ìlà méjì péré la ó gé, a ó lẹ̀ ẹ́ sókè, ó parí. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí pa á tì.

Ìsìnkú bàbá kan ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ìyàwó méjì ni bàbá náà fi sílẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ọmọ ìyáálé ló gbéṣẹ́ fún mi, àwòrán tiwọn sì ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, mo ti fi nọ́ńbà sórúkọ wọn, mo ti tò wọ́n. Àwòrán ti ìyàwó kejì àtàwọn ọmọ rẹ̀ kò dé àfi àárọ̀ ọjọ́ òde gan-an, nígbà tí mo ti gbé ẹrù mi dé gbọ̀ngàn. Kì í ṣe èmi ni mo fi falẹ̀ o. Mo bèèrè, mo tún bèèrè.

Tíṣà Yorùbá ni ọmọ tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document kí àwòrán má baà bàjẹ́, ó sì ti forúkọ sí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé pérépéré: Ìyá Ṣọlá.jpg, Ṣọlá pẹ̀lú Bàbá.jpg, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo rí i. Èmi náà ní keyboard Yorùbá lórí laptop mi, mo wá tẹ orúkọ náà sínú àkójọ bí mo ṣe rí i, àmì kan ò yẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, àwọn onílù ti ń gbá ìlù sétí mi, MC ń wojú mi. Mo ní kí ffmpeg ṣiṣẹ́, kó sì fi orin sí i. Ó ṣiṣẹ́, fídíò jáde. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dára. Mo tún wo gígùn rẹ̀, ẹ má sọ pé mi ò wò ó: ìṣẹ́jú 7 lé díẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Àwòrán 84 ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 420 nìyẹn, ìṣẹ́jú 7 gééré. Ó bára mu. Mo fi lélẹ̀ fún MC.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bàbá nínú aṣọ iṣẹ́ rélùwéè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní stéṣọ̀n. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá àti ìyáálé nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Àwọn ọmọ ìyáálé lọ́jọ́ ìkómọ, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀kan nínú gáùn yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ìyáálé jókòó sórí àga ńlá, tàwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ó yẹ kí àwòrán Ìyá Ṣọlá, ìyàwó kejì, tẹ̀ lé e.

Kò tẹ̀ lé e. Ìyáálé dúró gbagidi lójú screen. Orin ṣì ń lọ. Mo ní bóyá laptop ló ń ro ara rẹ̀ wò. Ìyáálé ò kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo gbọ̀ngàn, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, fún gbogbo ìyókù orin náà. Orin ọ̀hún gùn, ẹ̀yin ará wa. Mi ò mọ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Apá òsì ni ìyàwó kejì jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, aṣọ ẹbí tiwọn yàtọ̀ sí tàwọn tọ̀hún, ẹ mọ bí irú òde bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Màmá náà ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ìka rẹ̀ ká etí ìborùn, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo gbọ́ tí ẹnìkan lẹ́yìn mi sọ pé, "Wọ́n ti ṣe é." Mi ò ì tíì yíjú tán tí àkọ́bí wọn obìnrin fi dé iwájú tábìlì mi. Kò pariwo. Ó ní, "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kẹ́ ẹ yọ màámi kúrò?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹnì kankan ò ní kí n yọ wọ́n." Ó wo screen, ó wò mí. Kí ni èèyàn máa wí? Ọmọ ìyáálé tó gbéṣẹ́ fún mi náà ti dìde, ó ń wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ kó bá. Lójú gbogbo àwọn ará ilé yẹn, mo ti gbowó lọ́wọ́ apá kan láti pa apá kejì rẹ́. Kò sí àlàyé kọ̀ǹpútà tó wọ irú etí bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí ojú ibi tí ffmpeg ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ìlà rẹpẹtẹ, mo rí i: Impossible to open 'Ìyá Ṣọlá.jpg', pé kò lè ṣí i. Mo wo inú fódà, Ìyá Ṣọlá.jpg wà níbẹ̀. Mo wò wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀kan náà kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò nínú gbogbo àròyé yìí nìyí. Lẹ́tà kékeré ọ tó lámì nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ni U+1ECD. Ó sì tún lè kọ ọ́ bíi o lásán, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Keyboard orí fóònù tíṣà lè ṣe ti àkọ́kọ́, kí tèmi ṣe ti ìkejì. Ṣọlá jẹ́ ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnìkan, ó jẹ́ ohun méje lọ́wọ́ ẹlòmíràn: S, àmì, o, àmì, l, a, àmì. Ọ́ tó tún lámì ohùn lórí burú jù, torí pé kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró fún un rárá. Bó ṣe wu keyboard kálukú ló ń pín in. Ojú wa ò lè rí ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n Linux, ètò tó ń darí laptop mi, ń rí i. Bí ìbejì tó jọra ni: ẹ pe Táíwò, Kẹ́hìndé ò ní dáhùn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ffmpeg fúnra rẹ̀ ì bá ti kọ́kọ́ kìlọ̀. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, orúkọ tó ní ohun tó ju lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró, _ àti - lọ, kò ní gbà á. "Unsafe file name" ni yóò sọ. Àwa la máa ń fi -safe 0 sí i kó lè panu mọ́. Gbogbo ẹni tó kọ́ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí léèrè ohun tí wọn ò kọ́ mi.

Bó ṣe yanjú ò pẹ́. Mo sọ àwòrán wọn di 041.jpg títí dé 084.jpg, mo tún àkójọ ṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé e sójú screen kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán. Màmá rí ara rẹ̀, wọ́n jó. Àwọn àlejò kan ti lọ. Wọ́n yọ nínú owó mi. Ó tán.

Nítorí náà, orúkọ fáìlì: nọ́ńbà mẹ́ta, .jpg lẹ́tà kékeré, ó parí. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àlàfo sí i. Mo mọ̀ pé tíṣà wa máa bínú sí mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ Yorùbá láìlámì. Ṣùgbọ́n ojú screen ni àmì ohùn wúlò sí, níbi àkọlé tí èèyàn ń kà. Ẹ kọ Ìyá Ṣọlá síbẹ̀ tàmì-tàmì, kẹ́ ẹ lo Noto Sans tàbí Charis kí lẹ́tà má baà di àpótí. Orúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kà á.

Ẹ má sì fọwọ́ tẹ àkójọ. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́:

for f in *.jpg; do echo "file '$f'"; echo "duration 5"; done > akojo.txt

Orúkọ tó bá bọ́ síbẹ̀ kò lè yàtọ̀ sí ti inú fódà, nítorí inú fódà ló ti mú un. Ẹ rántí pé kò ní mú èyí tó bá jẹ́ .JPG. 001 ni kẹ́ ẹ sì kọ, kì í ṣe 1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 10 á ṣáájú 2.

Ti gígùn fídíò: orin ló parọ́ fún mi. Àwòrán ti tán ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20, orin ń lọ, gígùn orin ni mo rí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe fídíò láìsí orin, kẹ́ ẹ wo gígùn rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi orin sí i. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ fáìlì ló fa gbogbo rẹ̀, mo tún ń sọ ọ́.

Ẹ má gba àkójọ tí ẹnikẹ́ni kọ nínú Word, àmì ’ tó tẹ̀ kọ́ ni àmì ' tí ffmpeg mọ̀. Àwòrán tó bá ń jẹ́ Ma'ami.jpg, àmì àárín rẹ̀ á pa orúkọ náà dé láìtọ́jọ́. Ìyẹn náà, nọ́ńbà ló máa wò ó sàn. Àwòrán ìkẹyìn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, kó má baà kọjá fìrì.

Àwòrán tó bá dé lẹ́yìn tí mo ti gbé laptop wọ gbọ̀ngàn, owó rẹ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, kó fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.